Bí Mo Ṣe Ń Yan Ibi Tí Ilé Onítáyà Ń Sùn

Mo ti fi ẹ̀yìn wa odindi ilé láti Bronx ní New York dé Virginia rí. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni o, nítorí jíà iwájú kọ̀ fún mi. Èèyàn mẹ́fà ló sùn nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tají títí mo fi tẹ họ́ọ̀nù pé a ti dé. Ọlọ́pàá kan tó rí mi lójú títì kan sáárá sí mi ni, ó ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi ọlọ́pàá náà.

Ilé tí mò ń sọ yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV. Ẹ mú bọ́ọ̀sì gígùn kan, ẹ kó ibùsùn sí i, ẹ kó sítóòfù, fìríìjì, tábìlì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí i, kí ẹ wá sọ fún dírẹ́bà pé kó máa sáré lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ọbẹ̀ má sì dànù. Ilé onítáyà ni àwa ń pè é. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kó àwọn èèyàn wa nínú rẹ̀ láti New York lọ síbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti àpéjọ ìjọ ní Maryland, ní Georgia, títí dé Texas. Ẹni tí ẹ̀rù bàálù ń bà, ẹni tí orúnkún rẹ̀ ò gbà kó ká ẹsẹ̀ jókòó, ẹni tó fẹ́ gbé kúlà ọbẹ̀ mẹ́rin dání, èmi ni wọ́n ń pè. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà nílé, mo wa ọkọ̀ agbégilódò lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tó bá wa ìyẹn tí kò kú, kò sí ohun tí Amẹ́ríkà fẹ́ fi wò ó.

Ọ̀gá Bánjọ ló ni ọkọ̀ náà. Springfield Gardens ní New York ló ń gbé, níbi tí bàálù pápá ọkọ̀ òfurufú JFK ti ń kọjá lórí òrùlé débi pé èèyàn kì í rí gbólóhùn kan parí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi máa ń ṣe ṣókí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, ó lẹ ìwé kan mọ́ iwájú sítíárìn.

Ó ní, "Bàbá Láyí, kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Méjìlá ni, Ọ̀gá."

"Kí ni méjìlá?"

"Àwọn àpọ́sítélì."

Kò rẹ́rìn-ín. "Gíga ọkọ̀ ni. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Afárá tó bá kúrú jù ú lọ, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀ o. Tí obìnrin inú fóònù tó ń júwe ọ̀nà bá ní kí ẹ gbà á, ẹ sọ fún un pé ẹ níyàwó nílé."

Oṣù náà ò tíì parí tí mo gbọ́rọ̀ sí obìnrin inú fóònù lẹ́nu. Ó darí mi gba ọ̀nà tí wọ́n là fún ọkọ̀ kéékèèké nìkan, mo wọ abẹ́ afárá kan, mo sì gbọ́ "gbàràmù!" lókè orí mi. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí ọkọ̀ ti ṣí kúrò bíi fìlà ọ̀mùtí. Mo pe Ọ̀gá Bánjọ. Bàálù kan kọjá lórí rẹ̀, ó wá ní, "Bàbá Láyí, àpọ́sítélì mélòó ló kù?"

Mo ní, "Mọ́kànlá, sà."

Kò lé mi. Ó ní ẹni tó ti fọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan sàn ju ẹni tó ṣì máa fọ́ ọ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi ní iṣẹ́ gan-an. Wíwa ọkọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ yìí. Ibi tí ẹ máa sùn lọ́nà ni iṣẹ́, nítorí ẹ ò lè gbé ilé onítáyà sí etí títì bí ìgbà tí ẹ gbé kẹ̀kẹ́. Àwọn ọgbà ìpàgọ́ wà kiri lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ti ń gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó gba àyè níbẹ̀, ohun mẹ́ta lẹ máa bi wọ́n: ṣé omi ẹ̀rọ wà tí a lè so mọ́ ọkọ̀, ṣé iná wà tó lè gbé gbogbo ẹ̀rọ inú ọkọ̀, ṣé ihò wà tí a lè da ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí? Omi, iná, ihò. Èmi ni mo sọ wọ́n ní Mẹ́talọ́kan. Díkínẹ́ẹ̀sì ìjọ wa, obìnrin kan tó ní ohùn tó lè fọ́ abọ́, gbọ́ ọ, inú bí i.

Ó ní, "Bàbá Láyí, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Kí ló pa Mẹ́talọ́kan pọ̀ mọ́ ihò ẹ̀gbin?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ihò náà dí lọ́jọ́ kan tí inú bá ń run yín, ẹ ó rí i bí ẹ ṣe máa gbàdúrà níbẹ̀."

Mo tún kọ́ pé kí n má gba fọ́tò gbọ́. Adágún omi inú fọ́tò lè jẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ tí òjò àná rọ̀ sílẹ̀. Ọgbà tó bá ya òdòdó mẹ́wàá sí orí fóònù, tí kò ya ilé ìwẹ̀ ẹyọ kan, ẹ sá fún un. Kí ẹ sì wá àyè tí ẹ máa gba iwájú wọ̀, kí ẹ gba iwájú jáde, nítorí kò sí ohun tó ń tú ìgbéyàwó ká bíi kí ìyàwó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ máa júwe ọwọ́ òsì fún ọkọ tó ń rí ọwọ́ ọ̀tún.

Ohun kan ni mo fi kún ẹ̀kọ́ Ọ̀gá: kíkí. Mi ò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mi ò kí. Tí mo bá pe ọgbà kan, mo máa béèrè ilé, mo máa béèrè ọmọ, mo máa béèrè bí ara ṣe rí. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ àyè ni àbí ẹ ò fẹ́?" Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ìkíni, ṣé òun ló máa ṣọ́ mi sùn?

Kíkí yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí jẹ́ níbi ọ̀rọ̀ Màmá Rónkẹ́.

Màmá Rónkẹ́ ń gbé ní Highbridge ní Bronx, lórí òkè kan tí èèyàn ń gùn bí àkàbà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé wọn. Ìyá oníyàá ló ń wẹ̀, bàbá oníbàbá ló ń gbé dìde, bọ́ọ̀sì méjì lójoòjúmọ́, òjò àti yìnyín. Rónkẹ́ ọmọ rẹ̀ ti lé ní ọdún márùnlélógójì kó tó padà lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Georgia. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní àṣà kan: lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí, ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yàn ni yóò dìde níwájú gbogbo èèyàn láti fi báàjì nọ́ọ̀sì há a láyà. Ìyá rẹ̀ ni Rónkẹ́ yàn. Ọ̀sán Sátidé ni, aago kan géérégé. Etí màmá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ò sì jẹ́ kí dókítà gbà kó wọ bàálù.

Ó sọ fún mi pé, "Bàbá Láyí, tí mi ò bá débẹ̀, ẹlòmíràn ló máa há a láyà o."

Mo ní, "Màmá, ẹ ti débẹ̀."

Ó ní, "Mi ò tíì dé ibì kankan. Highbridge ni mo wà."

Mo pe ọgbà kan ní gúúsù Virginia tí a ó sùn sí ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọkùnrin tó gbé fóònù, tó ni ọgbà náà, jẹ́ àgbà bíi tèmi. Mo ní, "Ilé ńkọ́?" Ó ní ilé wà, òrùlé ló ń jò. Háà! Mo ní, "Ara ńkọ́?" Ó ní orúnkún ń dun òun. Mo sọ orúnkún tèmi fún un. A ti ibẹ̀ dé orí tòmátò tó gbìn, a dé orí ajá rẹ̀ tó ti darúgbó. Nígbà tí a máa parí, a ti di ọmọ ìyá. Mo gba àyè, inú mi dùn. Mo mọ orúkọ ajá. Mi ò béèrè aago tí wọ́n ń ṣí géètì.

A kúrò ní New York ní kùtùkùtù Jímọ̀, èmi, Màmá Rónkẹ́ àti Díkínẹ́ẹ̀sì tó ní òun ń bá a lọ yọ̀. A débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Omi wà, iná wà, ihò wà, ọkùnrin náà sì gbá mi mọ́ra. A jẹun, a sùn.

Ní aago márùn-ún ìdájí, Díkínẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìsìn òwúrọ̀. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. Ó pàtẹ́wọ́, ó kọrin, ó pe iná. Iná ló kúkú jẹ́ ní tòótọ́, nítorí gbogbo ọkọ̀ tó yí wa ká ló tan iná tiwọn. Mo yára wa ọkọ̀ lọ sẹ́nu géètì. Ṣéènì nìyí, àgádágodo nìyí, pátákó sì nìyí: aago mẹ́jọ ni a ń ṣí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ọkọ̀ ṣáájú. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ló kù kí a dé Georgia. Tí a bá dúró de aago mẹ́jọ, wọn á ti há gbogbo báàjì tán.

Màmá Rónkẹ́ wá síwájú. "Kí ló dé tí a dúró?"

"Géètì ni, Mà. Ó di aago mẹ́jọ."

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí ẹ béèrè?"

Mo wo sítíárìn. "Mo bi wọ́n nípa ajá wọn."

"Nípa kí ni?"

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó mú àpótí kékeré tí báàjì tó rà fún Rónkẹ́ wà nínú rẹ̀ jáde nínú àpò, ó ṣí i, ó pa á dé.

Ọmọ ìyá mi àná dé nínú aṣọ ìsùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní àwọn tó sùn lọ́gbà ti ń fi ẹjọ́ wa sùn, òfin sì ni òfin.

Díkínẹ́ẹ̀sì yọ orí lójú fèrèsé. "Àdúrà ni a gbà, a sì dárúkọ yín sí i!"

"Kí ẹ gbà á jẹ́jẹ́."

"Ṣé jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi wó odi Jẹ́ríkò?"

"Géètì mi rèé, Mà. Kì í ṣe odi."

Bí mo ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ ti di báyìí, mo bọ́ sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìrì, àyà mi kan ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọkùnrin náà ní Yorùbá:

Onípàgọ́, ọmọ a-ní-géètì-bí-odi-ìlú,
Òrùlé rẹ jò, o ò sá kúrò nílé,
Orúnkún rẹ dùn ọ́, o ò yé rìn,
Ọmọ a-gbin-tòmátò-kí-àlejò-má-pebi,
Ẹni tó há wa mọ́lé náà ló lè tú wa sílẹ̀.

Ajá rẹ̀ jókòó, ó tẹ́tí. Àwọn tó ń bínú jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọfí wá. Omijé bọ́ lójú ọkùnrin náà, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó ṣí géètì, ó ní ẹnikẹ́ni ò kí òun bẹ́ẹ̀ rí láyé. Nígbà tí aago mẹ́fà lù, a ti wà lójú títì.

A dé ní ààbọ̀ wákàtí kí ó tó di aago kan. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Rónkẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti lọ ṣáájú dúró ni. Òun kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Olùkọ́ tó ń pe orúkọ ò mọ ohun tí yóò ṣe, ó dúró.

Rónkẹ́ ní, "Màmá, ẹ rọra o, ẹ máa gún mi."

Màmá ní, "Ìwọ náà ò ní pẹ́ máa gún ẹlòmíràn." Ó há báàjì náà mọ́ ọn láyà.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ojú mi ò gbé ọ̀nà jíjìn mọ́. Castle Hill ní Bronx ni mo jókòó sí. Àwọn dírẹ́bà tuntun máa ń pè mí pé, báwo ni kí àwọn ṣe yan ibi tí àwọn máa sùn? Mo máa ń sọ fún wọn pé omi, iná, ihò, kí wọ́n sì béèrè géètì kí wọ́n tó béèrè ajá.

Mo ti sọ ìtàn yìí kiri ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo ti sọ ọ́ níbi àsè ìjọ. Màmá Rónkẹ́ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, kò tú àṣírí mi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Mi ò ki ẹnikẹ́ni. Mi ò dọ̀bálẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí, ojú ń tì mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí Jẹ́ríkò, ohùn obìnrin kan ké láti inú ilé ọkùnrin náà. Màmá ní, "Ta nìyẹn?" Ọkùnrin náà ní ìyàwó òun ni, pé kò rìn mọ́, pé ariwo wa ló jí i, ó fẹ́ dìde, ó sì ṣubú láti orí ibùsùn, orúnkún òun ò sì jẹ́ kí òun lè gbé e. Màmá Rónkẹ́ ò béèrè ohun kejì. Ó so ìró rẹ̀ le, ó wọlé. Mo rí i lójú fèrèsé: ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá obìnrin náà, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó gbé e. Ó nù ú, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó fi han ọkùnrin náà bí yóò ṣe máa tẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ ò fi ní dùn ún. Ọkùnrin náà jáde. Ó ṣí géètì, ó sì fi ọwọ́ dì í mú títí a fi kọjá. Màmá fọ ọwọ́, ó jókòó, ó ní, "Bàbá Láyí, ẹ máa wà á lọ."

Oríkì yẹn ni mo hùmọ̀. Màmá Rónkẹ́ ló ṣí géètì.