Iná Kékeré Tí Wọ́n Fi Téèpù Bò

Iwájú tírélà ni mo rí níbi tó yẹ kí n ti máa wo ọ̀nà Iba. Òjò ń rọ̀, a ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Okokomaiko ni. Ọkọ mi kàn tẹ tọ́tù díẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré ya bọ́ọ̀sì kan sílẹ̀. Ìdí ọkọ̀ wa bá fẹ́ gba iwájú lọ́wọ́ orí, a yí po bí òkòtó, nígbà tó sì dúró, èmi àti awakọ̀ tírélà ń wo ara wa lójú. Ọlọ́run ló ní kí bíréèkì tirẹ̀ mú.

Àwọn èèyàn sáré wá. Wọ́n bá tọkọtaya nínú aṣọ funfun ìjọ wa, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe, nínú ọkọ̀ eré ìje pupa onílẹ̀kùn méjì. Oníkẹ̀kẹ́ márúwá kan bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wòlé.

"Bàbá aláṣọ funfun, ṣé Iba lẹ ń lọ ni àbí ọ̀run?"

"Iba ni, jọ̀ọ́," ni ọkọ mi dáhùn.

Láti ìgbà tó ti ń wa bọ́ọ̀sì kiri ni irú ọkọ̀ yẹn ti ń wù ú. Nígbà tó wá rà á, yanrìn àdúgbò wa ló di ìṣòro. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n ń pè ní tírákíṣọ̀n. Bí táyà bá ti fẹ́ yọ̀ báyìí, yóò gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Lórí títì, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nínú yanrìn, níbi tó yẹ kí táyà yí díẹ̀ kó tó lè jáde, ṣe ló máa ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu mọ́, ọkọ̀ á sì jókòó. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi làwọn aládùúgbò ń bá wa tì í, yanrìn á dé kókósẹ̀ wa.

"Ẹ wá o, ẹ wá bá wa ti ọkọ̀ tó ń sáré!" ni wọ́n máa ń kígbe pera wọn.

Ọkọ mi bá gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn Ọjà Àlàbá. Ó ní kó bá òun dín ìyọlẹ́nu kọ̀ǹpútà náà kù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wá: ohun tó bá ń yọ wá lẹ́nu nínú ọkọ̀, yíyọ la máa ń yọ ọ́ dànù. Rìwáyà gé wáyà tó wà nídìí táyà. Iná kékeré tírákíṣọ̀n tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó kọ̀, kò kú. "No wahala, Dádì," ló wí, ó gé téèpù dúdú, ó fi bo iná náà. Ọkọ̀ jáde nínú yanrìn bí ewúrẹ́ tó já okùn. Kò sẹ́ni tó rántí òjò.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tírélà, mo ní mi ò wọ ọkọ̀ náà mọ́ àfi bí wọ́n bá so wáyà náà padà.

"Mọ́mì, tí wọ́n bá so ó, yanrìn tún ti mú wa nìyẹn."

"Dádì, aládùúgbò lè tì yín nínú yanrìn. Ta ló máa tì yín lábẹ́ tírélà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń dá wa tirẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, ẹnu géètì ni mo máa ń wà, tí màá máa fetí sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mi ò fẹ́ di opó nítorí ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń kán, mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi ni mo rí tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó ká aṣọ funfun dé orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Ọkọ̀ dà?"

"Mo gbé e sí Okokomaiko. Mo rí i pé ojú ọ̀run ṣú."

Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bu omi fún un, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó fọ̀ ọ́ tán ló tó sọ̀rọ̀: "Kí wọ́n so ó padà."

Ẹlòmíràn la gbé e lọ bá, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Èmi náà bá wọn lọ. Ó so wáyà, ó ṣí téèpù, iná sì ti kú. Ó wá fi bọ́tìnnì kan hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà.

"Bẹ́ ẹ bá dé inú yanrìn, ẹ tẹ èyí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tètè fi í sílẹ̀. Á gbà kí táyà yí díẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ o, ìyẹn máa pa gbogbo ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá dé títì, ẹ tún un tẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ọkọ mi wo bọ́tìnnì náà títí. "Ibí ló ti wà látọjọ́ yìí?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà nìyẹn, sà."

"Mo rò pé ti fáànù ni."

A bọ́ lọ́wọ́ yanrìn lọ́jọ́ náà. Táyà wa da yanrìn sára ògiri onílé, onílé bú wa, a sì jáde. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Òjò ni mò ń dúró dè, òjò sì kọ̀, kò rọ̀. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà kó má rọ̀, mo wá ń wo ojú ọ̀run bí àgbẹ̀.

Ó wá rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí àwa méjèèjì ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Bí a ṣe kọjá Okokomaiko, bọ́ọ̀sì kan dúró gbérò níwájú wa, ọkọ mi sì ní láti yà á sílẹ̀. Ó tẹ tọ́tù. Ìdí ọkọ̀ mì. Iná kékeré yẹn ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú, tírákíṣọ̀n gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ọkọ̀ sì tọ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ di lọ́wọ́ mú. Ọ̀nà Iba ló wà níwájú mi.

Ọkọ mi wò mí.

"Mọ́mì, fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Kò ní sá lọ."

Mo wo ọwọ́ mi tó di ilẹ̀kùn mú, mo sì tú u sílẹ̀.