Bàbá Tó Ń Yí Ẹja Padà Wò

Bàbá bàbá mi kì í gba ẹja láì yí i padà. "Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá fi hàn ẹ́ kọ́ ló ń jẹrà," ni wọ́n máa ń wí.

Nígbà tí àwọn ará yunifásítì gbé fọ́ọ̀mù wá sí Ajáh, èmi ni ògbufọ̀, èmi tí yunifásítì ti lé torí mo fìdí rẹmi. Mo tún so táì!

"Bàbá, wọ́n fẹ́ ṣe ìwádìí, ká lè jọ tún ìlú ṣe. Ẹ tẹ̀ka síbí."

Bàbá fún okùn ṣòkòtò wọn le. "Ìdí ta ni wọ́n ń wá? Tìẹ ti rẹmi lọ́dọ̀ wọn, ó wá ku tèmi?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Yí ìwé yẹn padà."

Mo yí i. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá tẹ̀ka ti yọ̀ǹda ilẹ̀ etí ọ̀sà ẹ̀ fún yunifásítì. Mi ò kà á rárá. Bí mo ṣe fìdí rẹmi náà nìyẹn: ìbéèrè mẹ́ta wà lẹ́yìn pépà ìdánwò, mi ò yí i padà.

Mo túmọ̀ ẹ̀. Bàbá dá fọ́ọ̀mù padà fún àwọn àlejò. Ni Bàbá bá di èjìká mi mú, wọ́n yí mi padà bí ẹja.

"Dúró, jẹ́ n wo ẹ̀yìn tìẹ náà."