Ìbọn Nínú Ilé Tí Ìyá Mi Ń Gbé

Inú ṣì ń bí mi. Bí mo bá ń fọ abọ́, tàbí tí mo wà nínú ọkọ̀ tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti sọ sí mi lọ́kàn, ṣe ni inú mi á tún máa hó bí ọṣẹ. Ìbọn náà ti kúrò nílé wa, mo mọ̀. Àwọn èèyàn ní kí n dúpẹ́, pé kò sẹ́ni tó kú. Mo ti dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wá bínú mi tán.

Ilé wa wà ní Richmond, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tuntun tí gbogbo ilé jọra, tí igi tí wọ́n gbìn síwájú ilé kò tíì ga ju ọmọdé lọ. Olè fọ́ ilé kan ní òdìkejì títì wa nígbà tí àwọn tó ni ín rin ìrìn àjò. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kó lọ, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Wọn ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn bàbá ìjọ wa ti ń fi àwòrán ìbọn ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Dókítà kan nínú wọn ní tòun wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹlòmíràn ní méjì lòun ní, pé ọ̀kan ò tó ọkùnrin. Ọkọ mi, ẹnjiníà ni, kò fẹ́ gbẹ́yìn. Ọkọ mi yìí kan náà tí kò lè pa adìẹ Kérésìmesì nígbà tí a wà ní Ìbàdàn, tó máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èmi bá ti mú ọ̀bẹ dání.

Èmi nọ́ọ̀sì ni. Mo ti rí ohun tí ọta ìbọn ń fi ikùn èèyàn ṣe. Àwọn tí wọ́n gbé wá bá wa nílé ìwòsàn, kì í ṣe olè ló pọ̀ nínú wọn. Ìyàwó ilé ni, ọmọ ilé ni, àbúrò tó wọlé láìsọ fẹ́nì kan ni. Mo sọ èyí fún un. Ó ní ṣé kí òun wá jókòó tẹtẹrẹ kí olè wá ká wa mọ́lé ni. Mo ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ní òwe kì í lé olè.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn wa. Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n pọ̀n ọ́n, títí ọmọ fi dàgbà tó ẹni tó ń lọ sí déékíà, níbi tí wọ́n ti ń bá ni tọ́jú ọmọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì lọ. Ìyá Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í wọ bàtà nínú ilé. Ẹ ò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn títí ẹ ó fi bá wọn lẹ́yìn yín. Òyìnbó tí wọ́n gbọ́ kò ju gúmọ́nìn àti tẹńkíù lọ.

Ọjọ́ Sátidé la lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Mo tẹ̀ lé e nítorí mo rò pé bí mo bá dúró tì í, ojú á tì í. Ojú ò tì í rárá. Ó ń yan ìbọn bí ẹni ń yan iṣu. Ó gbé eléyìí wò, ó gbé e sílẹ̀, ó tún nawọ́ sí òmíràn. Òyìnbó àgbàlagbà kan ló ń tà á fún wa, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí a fi èyí tó gùn sílẹ̀ fún àwọn ọdẹ, torí kò ní ṣeé yí nínú kọ́rídọ̀ ilé. Ó gbé ìbọn kan tó kúrú sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́ǹpù, ó fa ibi ìdìmú rẹ̀ sẹ́yìn, ó tì í síwájú, ó sì dún kọ́ṣọ́-kọ́ṣọ́. Ó ní olè tó bá gbọ́ ìró yẹn, kò ní wẹ̀yìn wò. Ojú ọkọ mi ń tàn yanran.

Òyìnbó náà wá béèrè pé ta ló ń sùn lápá kejì ògiri yàrá wa. Ó ní ògiri inú ilé níbí kì í ṣe bíríkì, pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ọta á gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ sí yàrá kejì.

Ọkọ mi ní, "Kò sí ẹnì kankan. Yàrá àlejò ni."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo fi Yorùbá bi í pé, "Ìyá mi ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá máa tó lọ."

Ẹ gbọ́ o. Obìnrin tó fọ ìgbẹ́ ọmọ ọkọ mi, tó ń se ọbẹ̀ tó ń jẹ, òun ló di kò sí ẹnì kankan. Ọpẹ́lọpẹ́ òyìnbó tó dúró sí wa láàárín, ṣọ́ọ̀bù yẹn kì bá tí gbà wá lọ́jọ́ náà. Mo gbé e mì.

Òyìnbó náà ní nǹkan kan tún wà tó ṣe pàtàkì ju irú ìbọn lọ. Ó ní bí a bá gbúròó èèyàn nínú ilé, kí a kọ́kọ́ ké pé ta nìyẹn. Ará ilé á dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn kì í ṣe ará ilé. Ọkọ mi ń mi orí bí alángbá.

Èmi ò mi tèmi. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ohùn kan bá pè ọ́ tí o kò rí ojú ẹni tó pè ọ́, o ò gbọ́dọ̀ dáhùn. O máa dákẹ́ ni, títí o fi máa rí i. Ta ló mọ ohun tó ń pè ọ́? Mo dáhùn irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní kékeré, láti ẹ̀yìn kùlé wa. Aládùúgbò wa ló ń pè mí kí n wá gba ata. Síbẹ̀ ìyá mi fún mi ní ìgbátí tí etí mi fi ń dún títí di alẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé o rí ẹni tó pè ọ́ ni o fi ń jẹ́?"

Nígbà tí a ń padà bọ̀ lórí fríwèè, ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sílé, tí ìbọn wà nínú búùtù lẹ́yìn wa, mo sọ fún ọkọ mi. "Ẹ" ni mo fi máa ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ráyè ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ìyá mi ò ní dá ọ lóhùn. O máa pa ìyá mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìjẹ̀bú nìyẹn. Houston la wà yìí. Iwin ò rí físà gbà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti ìyá mi ní pálọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá béèrè pé ta nìyẹn, ẹ máa dá mi lóhùn o."

Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lo pè mí tí mi ò jẹ́?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọkọ mi bojú wò mí bí ẹni tó ti parí ẹjọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sán. Ojú ọ̀run ṣú, iná sì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, iná ń lọ ní Houston náà. Àwọn ọmọ ò sí nílé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá kan lókè, èmi ń ká aṣọ nínú yàrá àwọn ọmọ. A rò pé ìyá mi ń sùn. A ò mọ̀ pé wọ́n ti rọra sọ̀kalẹ̀ lọ kó ewúro tí wọ́n sá sí ẹnu gáréèjì, kí ẹ̀fúùfù má baà gbá a dànù. Nǹkan kan ṣubú gbà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn gáréèjì tó wọ inú ilé ṣí.

Mo gbọ́ tí ọkọ mi jáde sórí àtẹ̀gùn. Ó ké pé ta nìyẹn. Èdè òyìnbó ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn imú tó fi ń bá àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó tún ké. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ni mo bá gbọ́ kọ́ṣọ́-kọ́ṣọ́.

Olè ì bá sá. Olè ì bá fọ́ nǹkan, ì bá já ilẹ̀kùn, ì bá bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní gbogbo Texas tó lè dákẹ́ báyẹn nínú òkùnkùn, ẹni tó fi ìgbátí kọ́ èmi náà láti dákẹ́ ni.

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Mo bọ́ síwájú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo fi àyà mi dí ẹnu ìbọn. Mo ní, "Bí o bá fẹ́ yìn ín, èmi ni kí o kọ́kọ́ yìn ín mọ́." Mo kọjú sísàlẹ̀, mo ní, "Ìyá mi, èmi rèé. Ẹ wò mí. Ẹ jáde."

Ìyá mi yọ láti ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n gbá àwo ewúro mọ́ àyà.

Ọkọ mi gbé ìbọn sílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un lórí àtẹ̀gùn yẹn, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Kò tíì tó. Mo ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi juwọ́ sí mi pé kí n panu mọ́. Wọ́n gun àtẹ̀gùn wá, wọ́n ń wo ẹ̀yìn wa. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ rọra. Òyìnbó kan wà lókè níbẹ̀ yẹn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo fara pamọ́ ni, mò ń bẹ Ọlọ́run kí ó má lọ pàdé ọkọ rẹ."

Wọ́n gbé àwo sílẹ̀, wọ́n di apá ọkọ mi mú, wọ́n ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan?"

Ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ bojú. Ìyá mi pè é. Wọ́n tún pè é. Kò lè dáhùn.