Onígbáméjì Wọ Agbolé Wa

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971, nígbà tí aago méje àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wọ agbolé wa ní Attécoubé, ní Abidjan, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ fún àwọn Ànàgó, bí wọ́n ti ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Aago náà dá mi lójú, nítorí òun ni mo ń wò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, mo ń dúró de lẹ́tà iṣẹ́, ẹni tó bá sì ń dúró de lẹ́tà a máa wo aago ju bó ti yẹ lọ.

Bàbá mi kò jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ tán. "Ọmọ mi nìyí," ni ó wí. "Ó ti kàwé débi tí ìwé parí sí."

Mo fẹ́ sọ pé ìwé kì í parí, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ kí n sọ kò le. Choléra ti wọ ìlú. Kí a máa fi ọṣẹ fọwọ́. Kí a máa se omi kí a tó mu ún. Ní ọjọ́ Ẹtì, òun yóò mú abẹ́rẹ́ wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni n kò ní. Yorùbá ni à ń sọ nílé, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àìsàn, ilé ìwé tàbí òǹkà, Faransé ni ó máa ń jáde lẹ́nu wa. Èmi sì gbà pé ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá Ànàgó sọ, Ànàgó pọ́ńbélé ló yẹ kó jẹ́. Mo ti yẹ èrò yẹn wò nígbà púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì rí ibòmíràn tí mo lè gbé ẹ̀bi náà sí.

Mo lọ bá ìyá mi nídìí ẹ̀rọ omi. "Màámi, kí ni à ń pe choléra?"

"Onígbáméjì."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Igbá kan fún òkè, igbá kan fún ìsàlẹ̀. Ṣé kí n tún ṣàlàyé?"

Mo ní ó ti yé mi. N kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, nítorí náà mo kọjá sí yàrá tó kọjú sí tiwa, lọ́dọ̀ bàbá akọ̀wé kan tó ti fẹ̀yìntì, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Porto-Novo wá. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Onígbáméjì ni. Mais, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo dúpẹ́, mo jáde. Ẹlẹ́rìí méjì láti orílẹ̀-èdè méjì, Nàìjíríà àti Dahomey, ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀ síra. Ní yunifásítì, ẹ̀rí tó tó ẹ̀rí nìyẹn.

Ohun tí n kò béèrè ni bóyá ẹlòmíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ náà. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń ta ẹ̀kọ. Màmá Ẹlẹ́kọ ni mo mọ̀ ọ́n sí láti kékeré. Ní àràárọ̀, yóò ru igbá ńlá kan, ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná tí a fi aṣọ wé yóò wà nínú rẹ̀; yóò gbé igbá kejì sí apá, èyí tó kún fún àkàrà. Láàárín ọdún tí mo fi gbé ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọmọ tí a bí sí Abidjan, tí wọn kò gbọ́ orúkọ àrùn náà rí, wo ohun tó gbé dání, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí sọ ọ́ lórúkọ: Tantí Onígbáméjì, ìyẹn àǹtí onígbá méjì. Àwọn àgbà gbọ́ ọ, wọ́n wúkọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Òun náà kọ́kọ́ bínú, ó wá rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi padà wálé, gbogbo ọmọdé àdúgbò àti ọ̀pọ̀ Dyula tó ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Mo gun orí àpótí, mo gbé ẹ̀rọ sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ o! Onígbáméjì ti wọ ìlú! Ó ń ti agbolé kan bọ́ sí òmíràn! Ẹ má ṣe jẹ́ kó rí yín mú! Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ yín! Ọjọ́ Ẹtì ni a óò fi abẹ́rẹ́ kojú rẹ̀!"

Bí mo ti sọ ọ́ tán báyìí ni Màmá Ẹlẹ́kọ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ru ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan dání.

"Ó ti wọlé! Ó ti wọlé o!" Àwọn ọmọdé fọ́n ká. Ọmọbìnrin kékeré kan tó fẹ́ràn rẹ̀ sáré lọ bá a: "Tantí, ẹ sá lọ! Wọ́n fẹ́ gún yín lábẹ́rẹ́!"

Màmá Ẹlẹ́kọ rọra sọ igbá kalẹ̀. "Èmi? Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀kọ mi ni wọ́n fi já a lẹ́nu ọmú! Wọ́n gbé ẹ̀rọ fún ọ tán, èmi lo kọ́kọ́ rí bú?"

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń wí."

"Igbá mélòó ló wà lọ́wọ́ mi?"

"Méjì ni, màmá."

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó ti jẹ́wọ́!"

Nọ́ọ̀sì bi mí ní ohun tí obìnrin náà ń sọ. Mo ní ó ń kí i káàárọ̀ ni.

Kò sẹ́ni tó ra ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó: ó gbé ìkòkò kíkún kọjá, ó sì gbé e padà ní kíkún. Àwọn tó ń sá fún ẹ̀kọ rẹ̀, ẹ̀kọ tó ṣì ń hó, ń sọdá títì lọ mu omi atalẹ̀ tútù tí Dyula ń pè ní gnamankoudji, ife kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń tì bọ inú korobá kan. N kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà, n kò rí i pé inú ẹ̀kọ tó ń hó ni àrùn náà yóò lọ nígbà tí korobá yẹn wà nílẹ̀.

Nígbà tó ń padà lọ, ó dúró lójú fèrèsé mi. "Akọ̀wé, gbọ́ o. Bí ẹ̀kọ mi bá tún kan mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń kó ẹrù mi padà sí Ẹ̀jìgbò nìyẹn. N ò lè máa gbé ìlú tí wọ́n ti sọ mí di àrùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nọ́ọ̀sì ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, nítorí náà ìdérí ìkòkò ni mo lù káàkiri agbolé. Mo ṣàlàyé pé onígbáméjì tí mo wí kì í ṣe onígbáméjì tí wọ́n mọ̀, òmíràn ni.

Télọ̀ kan gbójú sókè. "Ṣé méjì ni wọ́n ni?"

Mo rò ó dáadáa. "Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní, "méjì ni wọ́n."

Láàárín wákàtí kan, ìròyìn ti dé etí ọ̀sà pé igbá ti di mẹ́rin.

Bàbá akọ̀wé ló pè mí jókòó. "Kí ni wọ́n ń pè é ní rédíò?"

"Choléra, sà."

Ó pe ọmọbìnrin kékeré ọjọ́ sí, ó bi í bóyá ó mọ choléra. "Ẹ̀ẹ́n," ni ọmọ náà wí, "èèyàn á máa ṣu, á máa bì, gbogbo omi ara rẹ̀ á sì tán. Ó yẹ kéèyàn fọwọ́."

"Voilà," ni bàbá wí. "Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. O gba èyí tí wọ́n mọ̀ lọ́wọ́ wọn, o sì fi orúkọ ẹlẹ́kọ dípò rẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá Ẹlẹ́kọ. Ó ń sẹ́ ògì, kò sì dáwọ́ dúró. "Kí ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ gan-an? Má fi tìrẹ kún un."

Mo tò ó fún un lẹ́sẹẹsẹ.

"Ẹ̀kọ mi ńkọ́, ṣé kò hó ni?"

"Ó hó, màmá."

"Ọwọ́ tó ń gbà á ńkọ́?"

Mo ní ọwọ́ àwọn oníbàárà ni n kò lè jẹ́rìí sí. Ó fún èérí ògì náà gbẹ. "Ó dáa. Máa lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì tẹ́ tábìlì. Àwa mẹ́rin péré ló tò: àwọn òbí mi méjèèjì, bàbá akọ̀wé àti èmi. Nígbà náà ni Màmá Ẹlẹ́kọ wọlé. Ó ru ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan dání, ó sì fi okùn so ẹ̀kẹta kọ́ ọrùn bí àpò ọmọ iléèwé. Omi ló wà nínú rẹ̀, odidi ọṣẹ kan sì wà létí rẹ̀. Ó tò wọ́n sílẹ̀.

"Ẹ kà á!"

"Un, deux, trois!" ni àwọn ọmọdé kígbe.

"Kí ni orúkọ mi?"

Ọmọbìnrin kékeré náà ló ṣírò rẹ̀ tán ṣáájú. "Tantí Onígbámẹ́ta!"

Télọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo agbolé sì tẹ̀ lé e. "Ẹni tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ igbá kẹta," ni Màmá wí, "kò gbọdọ̀ fẹnu kan igbá kìíní." Ìyá mi ló kọ́kọ́ fọwọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo wa ni yóò máa tọwọ́ bọ omi kan náà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wò mí. "Ṣé o fẹ́ kó di mẹ́rin lóòótọ́ ni?" Síbẹ̀, ó mú ife, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi dà sí wọn lọ́wọ́.

Nígbà tó kan abẹ́rẹ́, ó kọ̀. "Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ mu ẹ̀kọ mi. Bí mo bá rí i pé kò kú, kó wá gún mi." Lọ́tẹ̀ yìí, mo túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́, ó mu ẹ̀kọ, ẹ̀kọ náà sì jó o láhọ́n. Ó gún Màmá lábẹ́rẹ́. Igbe tí Màmá ké pọ̀ ju ti gbogbo ọmọ ilé lọ. Lẹ́yìn náà ni ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ìkòkò gbẹ kí aago mẹ́sàn-án tó lù.

Lẹ́tà mi dé ní oṣù tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ olùkọ́ ní Bouaké. Títí mo fi lọ, n kò rí ẹnikẹ́ni tí choléra mú ní agbolé wa. N kò lè sọ bóyá igbá ni, tàbí abẹ́rẹ́, tàbí orí tó gbè wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní àárọ̀ tí mò ń lọ, Màmá Ẹlẹ́kọ dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó da omi sí mi lọ́wọ́ kó tó bu ẹ̀kọ fún mi. Mo ka igbá náà lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta ni. Ọṣẹ létí ẹ̀kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó kù bí èékánná.