Alùpùpù tí Bàbá Jímọ́ọ̀ Fún Lómi

Ní Mahintẹ̀dó, bí inú bá ń bí ènìyàn, wọ́n á ní ìbínú rẹ̀ kò tíì tó ti Ṣùáíbù. Orúkọ ọkùnrin náà ti di òṣùwọ̀n. Bí o bá gbé ẹ̀rọ lọ fún un kó bá ọ tún un ṣe, yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìtọ́jú rẹ̀ láti orí dé ìrù, yóò sì ní kí o tún un sọ fún òun lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, á gbé ẹ̀rọ rẹ fún ọ padà. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tí kò bá tíì pàdánù apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò lè mọ ohun tó ń bí i nínú.

Ọmọ Jímọ́ọ̀ apẹja ni. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń tukọ̀, ogún ọdún ló sì fi wa ọkọ̀ ẹrù láti Mahintẹ̀dó lọ sí Igbókòdà, ẹja gbígbẹ ní iwájú, èrò ní ẹ̀yìn. Ní ọdún 1952, àpótí ìṣó kan já lé e ní èjìká ọ̀tún ní èbúté. Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n kò jinná dáadáa. Bó bá fi àjẹ̀ wa omi nígbà mẹ́wàá, èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bíi pé wọ́n tẹ iná bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò lè tukọ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ilé rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Bó bá fẹ́ ra iyọ̀, àfi kó bẹ ẹni tí yóò gbé e lọ.

Ọdún méjì ló fi ń bẹ̀bẹ̀ báyìí kó tó gbọ́ pé ìjọba ń wá ẹni tí yóò máa gbé lẹ́tà láti Igbókòdà lọ sí Òkìtìpupa. Ilẹ̀ ni ọ̀nà náà, kò sí àjẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé kí onítọ̀hún ní alùpùpù tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kó sì gùn ún wá fún wọn láti wò ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta. Ṣùáíbù ta ọkọ̀ ẹrù rẹ̀. Ó ra alùpùpù àlòkù lọ́wọ́ akọ̀wé kan tí wọ́n ń gbé kúrò ní Òde Mahin, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e wá sí Mahintẹ̀dó. Adégbóyè, aládùúgbò rẹ̀, dúró lórí pákó èbúté, ó ní, "Ṣùáíbù, orí omi wo lo fẹ́ gùn ún?" Gbogbo èbúté rẹ́rìn-ín. Ṣùáíbù náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọlábọ̀dé tó jẹ́ fítà, tó ń tún alùpùpù ṣe ní Òkìtìpupa, ló sọ fún un pé rírà kọ́ ni iṣẹ́, ìtọ́jú ni iṣẹ́, kó wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ọ lọ́dọ̀ òun. Ọgbà fítà náà kò ní ilẹ̀kùn, olè sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà Ṣùáíbù fi alùpùpù sílẹ̀ nílé. Ní òwúrọ̀ tó ń lọ, omi ti ń fà, ọlọ́kọ̀ ń pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú ọkọ̀. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ o, bí ẹ ti ń tọ́jú ọkọ̀ ìpẹja yín."

"Má dààmú, ọma mi," ni Bàbá Jímọ́ọ̀ wí.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Wọn kò sọ irú odindi tí yóò dà.

Ní Òkìtìpupa, Ṣùáíbù kọ́ bí wọ́n ti ń wo ọ́ìlì ní àràárọ̀, bí wọ́n ti ń fi wáyà ha ojú púlọ́ọ̀gì, bí wọ́n ti ń nu ṣéènì kí wọ́n tó fi gíríìsì pa á. Èyí tí Ọlábọ̀dé tẹnu mọ́ jù ni ti iyọ̀. "Ẹ̀yin ará etídò, iyọ̀ ni ọ̀tá yín," ló máa ń wí. "Bí omi oníyọ̀ bá ta sí i lára, omi òjò ni kí o fi ṣan án. Nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ọ́ìlì." Ṣùáíbù há a sórí bó ti há Fátíà sórí.

Ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó gun àkàbà ilé, ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ orí pákó, ó sì dúró. Ara alùpùpù náà ti pọ́n bí ilẹ̀ Òkìtìpupa. Ṣéènì rẹ̀ ti gan, kò ká mọ́. Ó fi ìka kan irin tó di kẹ̀kẹ́ iwájú mú, ìdógùn-ún ṣí sí i lọ́wọ́ bí èèpo. Funfun iyọ̀ wà ní gbogbo igun. Ó tú púlọ́ọ̀gì, omi sì ṣàn jáde nínú ẹ́ńjìnnì.

Adégbóyè ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó bọ́ sórí pákó èbúté, ó sì kígbe orúkọ ọkùnrin náà títí gbogbo ilé fi jáde. Ó pè é ní onílara, ó pè é ní aṣebi, ó ní ẹni tó rẹ́rìn-ín ló rì í sómi. Adégbóyè ń wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn Ṣùáíbù.

Bàbá Jímọ́ọ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àkàbà, igbá tó fi ń gbọ́n omi ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókò àtibu omi ìrọ̀lẹ́ ti tó.

"O ti dé," ni bàbá wí, inú rẹ̀ dùn. "Ọyẹ́ ọdún yìí le. Àwọ̀ ìjókòó rẹ̀ ti ń sán, táyà náà ń sán. Mo ń da omi sí i ní àárọ̀, mo ń da omi sí i ní alẹ́. Nígbà tí kò gbọ́, mo ní kí wọ́n bá mi rì í fún ọjọ́ mẹ́ta kó mu omi dáadáa. Irin ni, mo mọ̀, torí náà mo ti fi epo pupa pa á lára kó tó wọmi. Ọkọ̀ tèmi gan-an kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ igi nìyẹn nígbà ọyẹ́: wọ́n á rì í kó má baà là. Ìgbà ẹ̀rùn náà sì ni omi òkun máa ń wọ inú odò títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di iyọ̀.

Ohun tí Ṣùáíbù sọ sí bàbá rẹ̀ lójú gbogbo èrò ní ìrọ̀lẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í tún un sọ. Ó ní òun ìbá mọ̀, òun ìbá fi alùpùpù sọ́dọ̀ ọmọ ọwọ́. Ó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá gbé igbá náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì gun àkàbà padà.

Sàrátù ìyàwó Ṣùáíbù ló wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá Láídì, etí mi ló ṣe nígbà tí ẹ ń lọ. Kí lẹ sọ fún Bàbá?"

Ó ń fi ìka ha iyọ̀ lára irin náà.

"Ọkọ̀ ìpẹja lẹ sọ. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ rì í. Wọ́n ní bí ẹ ti wí ni àwọn ń ṣe."

Ìbínú tó rí ẹni bá jà ń ní ìsinmi. Ti Ṣùáíbù kò rí ẹnìkan mọ́ àfi òun fúnra rẹ̀, ó sì wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta tú irin, ó ń ha á, ó ń fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, èjìká ń ta á, kò jẹun. Ọjọ́ Ajé dé, ó kọjá. Wọ́n fi iṣẹ́ lẹ́tà fún ẹlòmíràn. Adégbóyè wá pé kó ṣe sùúrù, sùúrù ni baba ìwà. Ṣùáíbù ní kó gbé baba ìwà rẹ̀ kúrò lójú òun. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn méjèèjì fi jẹun lójú kan náà, tí kò sẹ́ni tó wojú ẹnì kejì.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ṣùáíbù gbọ́ tí nǹkan ń dún gbọnrangandan lórí pákó, ó jáde láti bá ẹni tó ń fọ́ ìkòkò jà. Bàbá Jímọ́ọ̀ ló rí. Bàbá ti kó gbogbo ìkòkò ilé jáde, àti abọ́, àti agbada Sàrátù, àti igbá ọkọ̀, ó tò wọ́n sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ rin, ó ń gbọ̀n. Ó ti gbọ́ ti omi òjò láàárín èébú ọjọ́ náà, ó sì ti ń retí òjò láti ìgbà náà. Ó bu omi, ó rọra ń dà á sára irin tó ti kú náà, ó ń fi ọwọ́ nù ún.

Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé èyí ti tó o, ọma mi?"

Inú ṣì ń bí Ṣùáíbù. Ó rìn bọ́ sínú òjò, ó sì gba igbá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Ó ti tó, Bàbá," ló wí. "Ẹ wọlé, òtútù ń mú yín."