Kókó Tí Sẹnami Ta sí Ṣírí Àlìkámà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ òwú kékeré kan fún yín.

Inú yàrá tútù kan ní Mowo, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àlìkámà là ń gbìn síbẹ̀, lórí pẹpẹ, lábẹ́ iná. Èyí tó bá ga jù, iná á jó o lórí. Nítorí náà, aràrá là ń wá. A ń fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀kan sára òdòdó èkejì, títí a ó fi rí ọmọ tó kúrú tó sì lọ́kà nínú.

Ojú mi kò rí ohun tó bá súnmọ́ ọn dáadáa mọ́. Sẹnami ìyàwó mi, ọmọ Ẹ̀gùn tó dàgbà sídìí àwọ̀n ẹja, ló máa ń wá ràn mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Tó bá ṣe ṣírí kan tán, á fi òwú àwọ̀n ta kókó sí i lọ́rùn kí a lè dá a mọ̀. Á ní, "Bàbá Mautin, ìgbà wo ni mo máa jẹ búrẹ́dì àwọn aràrá yín yìí?"

Ṣírí tó ṣe kẹ́yìn ṣì wà ní tútù nígbà tó kú.

Nígbà tí ṣírí náà gbẹ, mo tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì pẹ̀lú kókó ọrùn rẹ̀. N kò gbìn ín. Ta ló fẹ́ gé òwú yẹn?

Ọ̀gá wa, obìnrin Èkìtì tí mo jù lọ́jọ́ orí, sọ pé òun máa fi ààyè tó yẹ kí n gbìn ín sí lórí pẹpẹ fún irúgbìn mìíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi dọ̀la.

Ó ní, "Ọ̀la yín ti tó ọdún kan, Bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ṣírí náà díẹ̀díẹ̀. Ọkà jábọ́. Igi rẹ̀ yọ jáde nínú òwú. Kókó kò tú.

Mọ́kànlá ni mo gbìn, mẹ́sàn-án hù. Gbogbo wọn ló ga.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú ọmọ-ọmọ la ti máa rí aràrá."

Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Sẹnami náà ga. Mo sọ pẹpẹ wọn kalẹ̀ kí iná má bàa jó wọn, mo sì dúró tì wọ́n títí.

Búrẹ́dì ṣì jìnnà. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé kì í hù nínú fíríìjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọkọ tàbí aya, kí lẹ ṣì ń tọ́jú pa mọ́ tó yẹ kí ẹ gbìn? Ẹ kọ ọ́ síbí. Màá kà á.