Ọdún Tí Wọ́n Bí Bọ̀dá Káyọ̀dé

Nígbà tí mo kéré débi pé mo ní láti gun orí àpótí kí n tó lè bu omi nínú àmù ìyá mi, Àrándùn, ìlú wa, ni gbogbo ayé lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi á rántí irú ayé bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, a ti gbálẹ̀, a ti pọnmi, a ti fọ ìkòkò àná tí èéfín ti kùn nídìí. Bí àsìkò kájú bá dé, a ó lọ ṣa á lóko bàbá wa, a ó yọ kóró rẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó sì máa fa omi ara èso náà mu títí ọ̀nà ọ̀fun yóò fi máa ta wá. Ìyá mi a máa sọ pé àbàwọ́n kájú kì í lọ lára aṣọ àfi tí àsìkò rẹ̀ bá kọjá lórí igi. Ẹni tó bá ta á sára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó yáa wá ibi tí yóò sá sí.

Ìyá mi ò mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kàlẹ́ńdà. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú ló fi ń ka ọdún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, Àǹtí Fúnmi, ọdún òmìnira ló bí i, nígbà tí wọ́n se ìrẹsì fún àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n sì fún wọn ní àsíá kékeré. Èmi ní tèmi, ọdún tí wọ́n yí owó padà ló bí mi, nígbà tí àwọn arúgbó ń gbé ṣílè kiri tí ọlọ́jà ò gbà á lọ́wọ́ wọn mọ́. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá oríire nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Káyọ̀dé, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ni ti ẹ̀. Ìyá mi ní rédíò ń kéde níta, àwọn ọkùnrin ń jó, òun sì ń rọbí nínú yàrá. Nítorí ayọ̀ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi ṣe sọ ọmọ náà ní Káyọ̀dé.

Bọ́ọ̀lù ni Bọ̀dá Káyọ̀dé mọ̀. Bí kò bá rí bọ́ọ̀lù fèlèlé gbá, yóò gbá ọsàn. Bí ọsàn bá fọ́, yóò di àkísà pọ̀. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n máa ń to òkúta méjì-méjì sí tí wọ́n ń pè ní ojú góòlù. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá a, àwọn àgbàlagbà tó ń ti oko bọ̀ a sì máa sọ àdá kalẹ̀ kí wọ́n lè wò ó díẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Ó le. Bí o bá fọ́ àwo, ó lè dárí jì ọ́. Bí o bá parọ́ pé ìwọ kọ́ lo fọ́ ọ, orí eékún rẹ ni wàá wà nínú oòrùn, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí tí apá yóò fi máa gbọ̀n. Yóò jókòó tì ọ́, yóò máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹni tó ń parọ́ á jalè."

Ìgbà tí Bọ̀dá Káyọ̀dé wọ iléèwé girama ní Ọ̀mù-Àrán ni òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Wọ́n mú un gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé, wọ́n mú un fún ìpínlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n sọ pé wọ́n fẹ́ mú un mọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí yóò lọ sí òkè òkun lọ bá àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn du ife àgbáyé. Olùkọ́ eré ìdárayá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Kóòṣì, ló gun ọ̀kadà wá sọ fún bàbá mi. Ìyá mi wà lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà, tí bàbá mi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ni pé àwọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ni wọ́n ń wá. Bọ̀dá Káyọ̀dé ti pé méjìdínlógún. Kóòṣì ní kí bàbá mi má da ara rẹ̀ láàmú, pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń gé ọdún ọmọ wọn kù, àti pé ọmọ tó bá sọ òótọ́ yóò kàn jókòó sílé ni. Bàbá mi gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ náà di ti àwọn mẹ́ta: òun, Kóòṣì, àti ọmọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ìyá mi.

Ìlú dùn lásìkò yẹn. Bọ̀dá Káyọ̀dé ti wà níbi ìgbaradì ní Èkó, àwọn èèyàn sì ń gbé iṣu wá sílé wa bí ẹni pé ọ̀run ni ọmọ náà ń lọ tí yóò bá wọn kí àwọn èèyàn wọn. A jẹyán títí ikùn mi fi le bí àgbá. Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi lọ kọ ebè lóko, àwọn oníròyìn rédíò dé láti Ìlọrin. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé kí wọ́n lè bá àwọn òbí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sọ̀rọ̀. Ìyá mi sáré nu ọwọ́ nù, ó wé gèlè. Èmi ni mo gbé àga jáde. Ọkùnrin oníròyìn náà na ẹ̀rọ sí i lẹ́nu, ó ní, "Ìyá, ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa ọmọ yín."

Èdè Ìgbómìnà wa ni ìyá mi fi dá a lóhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Láti inú ló ti ń ta mí nípàá. Ọdún tí wọ́n gbà wá lọ́wọ́ ìjọba Kàdúná, tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, ọdún náà gan-an ni mo bí i. Ijó ń lọ níta, èmi ń rọbí nínú ilé. Mo ti mọ̀ pé ọmọ tí ayé máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó kí ìyá mi kú orí ire. Wọ́n lọ.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn aládùúgbò kún abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, bàbá mi sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún irin rédíò ṣe kí ohùn lè já gaara. Nígbà tí ohùn ìyá mi jáde, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi ijó àti ìrọbí. Èmi wo bàbá mi kí n lè rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin rédíò náà, kò gbé e kúrò.

"Ìgbà wo ni àwọn wọ̀nyí wá síbí?" ló bi ìyá mi.

"Ọjọ́ tí ẹ lọ kọ ebè ni. Ṣé mo ṣì í sọ ni, Bàbá Fúnmi?"

"O ò ṣì í sọ." Ó dìde, ó wọlé, kò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ tí Kóòṣì fi dé. Kò jókòó, ó dúró ti ọ̀kadà rẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n já ọmọ tiwọn sílẹ̀ nítorí ọmọ wa ti gbọ́ ohun tí ìyá sọ, wọ́n sì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Àwọn ọ̀gá ní kí ọmọ náà máa bọ̀ nílé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí ọ̀rọ̀ má baà di ti gbogbo ayé. Ìyá mi ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Kí ni mo sọ?" Kóòṣì wo bàbá mi, bàbá mi ń wo ilẹ̀. Nígbẹ̀yìn Kóòṣì ní, "Ìyá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún la sọ fún wọn pé ó jẹ́."

Ìyá mi yíjú sí bàbá mi. "Ẹ sọ fún wọn," ló wí. "Ṣé ẹ sọ fún èmi?"

Kóòṣì gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Bọ̀dá Káyọ̀dé dé pẹ̀lú àpò kan. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ti wọ̀ fún un, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi ti pa adìyẹ, ó ti gúnyán. Bọ̀dá Káyọ̀dé fọwọ́, ó bu òkèlè, ó ń yí i lọ́wọ́ títí ó fi tutù, kò gbé e dé ẹnu. Ìyá mi dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Mi ò rí irú ẹ̀ rí, kí ìyá máa kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ó tètè dì í mú léjìká. "Ìyá, ẹ dìde," ló wí. "Òótọ́ lẹ sọ." Ká ní ó bú u, ká ní ó lu ilẹ̀kùn, ì bá sàn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí ìyá mi bá rán an ló ń jẹ́. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá, ẹ kúuṣẹ́, Ìyá." Ọ̀rọ̀ mìíràn ò sí.

Àwọn ọmọ náà lọ sí òkè òkun, wọ́n sì gba ife náà bọ̀. Ọ̀gá iléèwé wa kó gbogbo wa jáde. A já ewé dání, a ń kọrin láti iléèwé títí dé iwájú ààfin. Èmi náà kọ ọ́, torí ẹni tí kò bá kọ ọ́ yóò jẹ pàṣán. Nígbà tí a kọjá níwájú ilé wa, ilẹ̀kùn wà ní títì lọ́sàn-án gangan. Mo ń gbọ́ àáké Bọ̀dá Káyọ̀dé lẹ́yìnkùlé, ó ń la igi. A kọrin títí a fi kọjá, àáké náà kò dúró.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń lọ sí Ṣàrẹ́ lọ bá ọ̀rẹ́ òun kórè ìrẹsì. Ìyá mi di ẹ̀kọ àti àkàrà fún un. Kò padà láti Ṣàrẹ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni ọkùnrin kan ará Ìjàrà-Ìsin tó ń ṣòwò lókè Ọya sọ fún wa pé òun rí i ní ìlú kan létí aṣálẹ̀, lórílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Ó ní ó ń bá àwọn lébìrà gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, ó sì ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí Líbíà, nítorí ẹnìkan ti sọ fún un pé wọ́n ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọn kì í sì í béèrè ọjọ́ orí. Ìròyìn tó dé gbẹ̀yìn nìyẹn. Aṣálẹ̀ náà ò dá a padà, kò sì sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀.

Ìyá mi ò ka ọdún ọmọ kankan mọ́. Nígbà tí èmi fẹ́ wọ iléèwé girama, tí wọ́n bi mí ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mo sáré wálé lọ bi í. Ó ń yọ kóró ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Lọ bi bàbá rẹ. Èmi ò mọ ọdún ẹnikẹ́ni." Bí ọ̀dọ́kùnrin àjèjì bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú títì, yóò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró títí ẹni náà yóò fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú.

Bàbá mi fi ipò alàgbà sílẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò fìyà irọ́ jẹ ọmọ kankan mọ́. Nígbà tí àìsàn tó pa á dé, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀, ìgbà náà ló sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ní, "Mo rò pé kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè ohunkóhun."

Ayé ti yí padà. Bí a bá ka ti ìgbà náà mọ́ ọn, àwọn ọmọdé orílẹ̀-èdè wa ti gba ife yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò sí ilẹ̀ mìíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ẹ̀wẹ̀, wọ́n lè má tilẹ̀ rí ọ̀nà dé ibi ìdíje rárá. Ẹ̀rọ ti wà tí wọ́n ń ki ọrùn ọwọ́ ọmọ bọ̀ láti wo egungun rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ẹ̀rọ náà sì ń dá padà sílé kí bàálù tó gbéra. Láyé èwe wa, ọdún kan ṣoṣo ni ọmọ ní, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì wà. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò mi ní Ọ̀mù-Àrán ní ọdún ilé, wọ́n sì ní ọdún bọ́ọ̀lù, wọn kì í tilẹ̀ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Láìpẹ́ yìí, aládùúgbò mi kan, Ìyá Ridiwan, wá bá mi. Wọ́n ti pe ọmọ rẹ̀ sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò àwọn ọmọdé agbábọ́ọ̀lù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kàwé. Bí wọ́n bá bi mí ní ọjọ́ orí rẹ̀, kí ni kí n wí?"

Mo ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Ó ní, "Ti ilé àbí ti bọ́ọ̀lù?" Ó rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí ó jókòó. Mo fún un lómi. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Káyọ̀dé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sọ ti ìyá mi, mo sọ ti bàbá mi. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìborùn nù ún, ó gbàdúrà fún àwọn tó ti lọ. Lẹ́yìn náà ló tún sún mọ́ mi díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Èwo wá ni kí n wí, Àǹtí?"